Ọkọ Tí Ó Gbàgbé Oríkì Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan ń bẹ tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Obìnrin náà kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó lu agogo ilé ìwé, ọkùnrin náà kò sì mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ọ̀gá ilé ìwé wá, ó ní Mìsíìsì ni òun wá dárò. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé wá, Àǹtí Tísà ni wọ́n ń pè. Àwọn obìnrin agbo ilé, tí wọ́n ti ń bá a gbé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ń sunkún Ìyàwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún Màámi. Ọkùnrin náà ń dá gbogbo wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé." Nígbà mìíràn á kàn máa wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé obìnrin mẹ́rin ló kú nínú ilé òun, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi èyí tí í ṣe tòun hàn án.

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa olóògbé tún dà á lọ́kàn rú. Ọ̀gá ilé ìwé ní obìnrin náà kì í dákẹ́ nínú kíláàsì, pé ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ọ́fíìsì òun. Ọkùnrin náà kò rántí ẹ̀rín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí òun mọ̀ nílé a máa fọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ kó tó fọwọ́ kan ìkòkò, a bu oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà a jókòó ti àtùpà, a máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn dá a lójú. Àmọ́ ta ni ó fẹ́ràn gan-an?

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyàwó àgbà agbo ilé tọ̀ ọ́ wá. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé ni láti fi oríkì sin òkú jáde, kí ẹni tó ń lọ lè gbọ́ pé òun ni wọ́n ń pè.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìrọ́jú," ó ní. "Kí ni oríkì ìyàwó wa?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Oríkì náà kò wá.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n rí. Òun ló fi ń pè é nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Ìyá obìnrin náà ló fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó ní, "Ohun tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nìyí o. Má jẹ́ kó kú mọ́ ọ lẹ́nu." Lẹ́yìn náà wọ́n bí àkọ́bí, ó sì di Ìyá Fadérera. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ará àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọkùnrin náà jókòó pinnu pé òun ò ní pe ti àkọ́kọ́ mọ́.

"Àṣàkẹ́ ni," ó sọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó ju ọwọ́. "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Àbí Àjíkẹ́?"

"Àjíkẹ́ kẹ̀? Èmi ni Àjíkẹ́, ọkọ mi. Àbí èmi lẹ fẹ́ sin?"

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ìyàwó àgbà fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Wọ́n bi àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ní Màámi ni àwọn mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni olóògbé jẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti kú. Ìlú wọn jìn. Ta ni wọn ó tún bi?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n gbé pósí jáde, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé ọkọ kì í, torí òun ló mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ń ki àwọn bàbá ńlá ọkùnrin náà, wọ́n ń ki ogun tí wọ́n jà àti odò tí wọ́n là kọjá. Ohùn wọn dùn. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, lójú rẹ̀ ó dà bíi pé òun ni wọ́n ń sin, pé obìnrin náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ó fẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Kí ni yóò wá fún wọn kì?

Obìnrin kan tó pọn ọmọ jáde láàárín èrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí olóògbé kọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ta lẹ ń kì?"

"Ìyàwó ilé wa ni."

"Àǹtí kọ́ lẹ ń kì yẹn, Mà." Ó kúnlẹ̀ níwájú pósí. "Àwẹ̀ró!" ó ké. "Àwẹ̀ró o! Àǹtí mi!"

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Òun ni. Òun náà ni.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ tuntun bá wọ kíláàsì, Àǹtí kì í kọ́kọ́ bi í ní orúkọ. Oríkì ni wọ́n máa ń bi wá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ tiwọn fún wa. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, wọ́n á rán an lọ sílé lọ bi ìyá àgbà rẹ̀. Èmi ò ní ẹni tí mo lè bi. Mo sunkún. Wọ́n ní kí n yé sunkún, pé àwọn máa yá mi ní tàwọn títí màá fi rí tèmi." Ó fi ìdí gèlè nu ojú. "N ò rí tèmi, Bàbá. Tiwọn ni mo ṣì ń jẹ́."

Ọkùnrin náà ń wo ọ̀dọ́bìnrin náà, kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni tàbí kí òun jowú rẹ̀. Obìnrin tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ bèèrè nílé, ó ń padà sílé tirẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò sì bi òun fúnra rẹ̀. Ṣé ó dùn ún? Ṣé ó ń retí pé lọ́jọ́ kan ọkọ òun yóò tún fi pe òun? Kò sọ. Òun náà kò bèèrè. Ó sún mọ́ pósí, ó gbé ẹnu lé igi, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi sìn ín dé ibojì.

Ọmọ mi, ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ ló tán. Ohun tí obìnrin náà ń ṣe fún olúkúlùkù ni wọ́n sọ di orúkọ fún un, títí ọkọ rẹ̀ pàápàá fi rò pé kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó má baà dà bí ìbáwí. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù, tí ò ń yọ̀ pé ọmọ ti ń mu ọyàn dáadáa, mo gbọ́ tí o kígbe sí yàrá kejì pé, "Ìyá Ìkókó, wá gba fóònù." Ìyàwó rẹ wá. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò tó ohun tí èèyàn ń páyà sí.

Síbẹ̀, dìde, lọ bá a níbi tó wà. Má dúró kí ọmọ sùn. Bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí o sì pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè dáhùn.