Odò Gbẹ, Odó Ni Wọ́n Gbọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun. Àyọ̀ká, fi iná yẹn sílẹ̀, èéfín ń kó sí mi lójú. Ààlọ́ mi ta pọ́ún, ó tún ta pọ́ún, ó dá lórí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ àti Erin, ọba ẹranko.

Nígbà kan, oòrùn mú nílùú ẹranko kọjá bó ṣe yẹ. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò tí gbogbo ìlú ń mu bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sínú odò yìí ni. Ẹ ṣáà mọ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́: orí àti ìrù ni, ẹsẹ̀ kò tíì hù. Bí odò bá gbẹ kí ẹsẹ̀ tó hù, wọ́n kú nìyẹn. Ìyá wọn wà nínú omi, ó ń kọrin. Ẹ máa gbè mí:

Ọmọ mi ò tíì lẹ́sẹ̀ o,
*Kéré-kéré, ó ń lọ.*
Odò gbẹ, odò gbẹ,
*Kéré-kéré, ó ń lọ.*
Ta ni yóò bá mi pè é padà?
*Kéré-kéré, ó ń lọ.*

Ó gbéra, ó di ààfin, pọ́ún, pọ́ún, pọ́ún. Ọ̀nà jìn. Kó tó débẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ohùn rẹ̀ kò lè lọ sísàlẹ̀ mọ́, òkè nìkan ló ń lọ. Ó fẹ́ wí pé odò gbẹ. Ohun tó jáde ni, "Odó! Gbẹ́! Odó! Gbẹ́!"

Erin, pẹ̀lú etí ńlá méjèèjì, ó ní, "Ó ní ká gbẹ́ odó. Ta ni yóò gbẹ́ ẹ?"

Wàhálà dé. Ìmàdò, tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀, dìde. "Kábíyèsí, àwọn ará òkè ló kọ́kọ́ gúnyán nílùú yìí. Wọ́n ti yó, ẹ wo ikùn wọn. Àwọn ni kó gbẹ́ ẹ."

Ẹfọ̀n, olórí àwọn ará òkè, rẹ́rìn-ín. "Iyán àná lò ń kà. Lónìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ilé yín la ti ń gbọ́ gbì, gbì, láràárọ̀?"

Wọ́n jà títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí apá kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ìdajì. Ìdajì odó! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi ìdajì odó gúnyán? Nígbà tí ojú tì wọ́n, kálukú gbẹ́ odindi tirẹ̀. Igi etí odò ni wọ́n gé, gbìì. Ibòji lọ, oòrùn wọ inú omi.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ tún lọ, pọ́ún, pọ́ún. "Odó! Gbẹ́!" Erin ní, "Ó ní kò tó." Wọ́n tún jà, wọ́n tún gé igi, gbìì, gbìì.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Omi tó kù kò ju kòtò ẹsẹ̀ ẹfọ̀n lọ. "Odó! Gbẹ́!" Ó ti sú gbogbo wọn. Wọ́n búra pé nígbà tí ọmọ ọmọ àwọn bá ń fi ọ̀pá rìn, odó ìlú yóò ti pé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, pà, pà, pà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ sunkún títí. Ó fi ẹnu kó omi tó kù àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú odó kan tí wọ́n gbẹ́ sétí odò, òun náà kó sí i.

Lọ́jọ́ kejì, òùngbẹ lé gbogbo wọn dé odò. Eruku ni wọ́n bá. Erin rí omi nínú odó, ó na ọwọ́jà rẹ̀ sí i. Ọ̀fun Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ti tutù báyìí, ohùn rẹ̀ sì lọ sísàlẹ̀ dáadáa:

Odò gbẹ, odò gbẹ,
*Kéré-kéré, ó ń lọ.*

Erin dúró. "O ní kí ni?"

"Odò ni, Kábíyèsí. Odò tí ẹ̀ ń mu. Ohun tí mo ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn."

Ìmàdò yíjú sí Ẹfọ̀n. "Ìwọ lo kọ́kọ́ gé igi."

"Èyí tí ìwọ gé ló pọ̀ jù."

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Ẹ̀yin bàbá, ọmọ mi ló wà nínú omi yìí. Ta ni nínú yín tó fẹ́ kọ́kọ́ mu ún?"

Wọ́n wo àwọn ọmọ tí kò lẹ́sẹ̀. Erin fa ọwọ́jà rẹ̀ sẹ́yìn, ó gba orí òkè tó jìnnà lọ bu omi ìsun wá sínú odó. Ẹfọ̀n fi ìwo gbẹ́ ilẹ̀, Ìmàdò gbin igi sí i. Wọ́n ń bú ara wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ṣe hù, odò sì padà díẹ̀díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, inú omi ni ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké, kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ.

Ẹ̀kọ́ ààlọ́ mi ni pé, bí ẹnìkan bá ké pé omi wa ń tán, ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí, ká tó máa jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ mu. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, ẹ lọ bi ọ̀pọ̀lọ́ létí odò, bí odò bá ṣì wà níbẹ̀.