Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Orin

Ọkùnrin kan gbé ìlú kan rí, Àlùfáà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífọ ohùn àtijọ́ mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ mọ àwọn àwo orin dúdú ńláńlá tí àwọn bàbá wa máa ń gbé sórí ẹ̀rọ, tí abẹ́rẹ́ á máa rìn lórí wọn. Bí wọ́n bá ti pẹ́, wọ́n á máa ta ṣáṣá bí àkàrà inú epo gbígbóná. Ọkùnrin yìí á gba irú àwo bẹ́ẹ̀, á fi kọ̀ǹpútà fa orin inú rẹ̀ jáde, á yọ ariwo rẹ̀ kúrò, á sì gbé e sórí àwo tuntun tó ń dán bíi dígí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n kọ orin náà.

Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ojoojúmọ́ wá àbùkù kiri, kì í pẹ́ tí kò fi ní í rí nǹkan mìíràn mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún díẹ̀, kò ní lè jókòó nínú ilé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń kọrin nídìí ààrò, á ní kí ó fetí sí ara rẹ̀, pé ohùn rẹ̀ ti já kúrò lójú orin. Obìnrin náà kúkú jáwọ́ nínú orin kíkọ. Ilé wọn pa rọ́rọ́, inú ọkùnrin náà sì dùn sí i.

Ní ìlú yẹn, ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ti wà rí. Wọn kì í fi ẹnu kọ orin tiwọn. Fáólìn ni wọ́n ń ta, àti èyí gàgàrà tí èèyàn máa ń gbé sáàárín ẹsẹ̀ ta, àwọn kan sì ń fọn fèrè igi àti fèrè idẹ. Tísà ni wọ́n, akọ̀wé ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ojú irin wà nínú wọn. Olùdarí wọn máa ń dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Lọ́dún kan, nígbà òjò, àwọn kan gbé ẹ̀rọ wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, wọ́n gba orin wọn sínú àwo. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ tú ká, olùdarí náà sì kú. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù nínú àwo wọ̀nyẹn, ọwọ́ opó olùdarí ló wà. Ó fi aṣọ ìró àtijọ́ wé e sínú àpótí. Ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe mọ́.

Àwọn tó fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀ kóra jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un gbé jáde kí ó má bàa run. Wọ́n mú ọkùnrin yìí lọ bá ìyá náà. Ìyá fi ọwọ́ pa àwo náà lára títí kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ohun kan ni mo fẹ́. Bí o bá ti ṣe é tán, èmi ni kí o kọ́kọ́ gbé e wá fún. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ó gbọ́ ọ, Mà. Màá fọ̀ ọ́ mọ́ débi pé ẹ ò ní dá a mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló wí. Kò bi í pé kí ni ó fẹ́ gbọ́ nínú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwo náà ti gbó, awọ orí rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ibi tí abẹ́rẹ́ bá sì ti gbà kọjá, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó rí i pé kò ní ṣeé gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi sùúrù gba orin inú rẹ̀ tán, ó wá ń fọ̀ ọ́. Ó yọ ariwo abẹ́rẹ́. Ó yọ òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ó yọ àga tí ẹnìkan sún, àti ikọ́ tí ẹlòmíràn wú. Bí ó bá ti yọ nǹkan, á pa á rẹ́ pátápátá, torí ó ní kí lèèyàn ń fi ìdọ̀tí pamọ́ ṣe.

Ó wá kan orin kan tó falẹ̀, orin tó ń lọ bí ẹni ń rìn lẹ́yìn pósí. Lábẹ́ fáólìn, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń kùn. Ohùn náà kò bá orin mu. Á lọ sísàlẹ̀, á gbọ̀n, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú bí ọkùnrin wa. Ó ní, "Ta ni aláìníláárí yìí, tó ń kùn bí ẹni inú ń run, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tó dára?"

Nínú gbogbo ohun tó yọ, èyí ló le jù, nítorí ohùn náà ti lọ́ mọ́ orin. Ó jókòó tì í títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Nígbà tó yọ ọ́ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tọkàntọkàn ló fi dúpẹ́, Àlùfáà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí àwo tuntun dé, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó gbé àkọ́kọ́ lọ fún ìyá náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọn yóò fi gbọ́ ọ. Ìyá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára, bí ẹni tó ń retí àlejò. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dá àwọn olórin mọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ní tísà lágbájá ló ń fọn fèrè yẹn, òun ni kì í tètè dé. Nígbà tí orin tó falẹ̀ náà dé, ó gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ di ọwọ́ ẹlòmíràn mú. Orin lọ títí, ó parí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní, "Tún un fi sí i."

Ọkùnrin náà tún un fi sí i. Ìyá tẹ́tí títí ó fi parí.

"Ọmọ mi, bàbá dà?"

"Bàbá wo, Mà?"

"Ọkọ mi. Ó máa ń kùn níbẹ̀ yẹn. Ọmọ wa obìnrin kú, wọ́n lọ sin ín, lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n wá gba orin yìí. O ṣáà mọ̀ pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé ibojì. Ilé la jókòó sí. Bàbá kò sunkún lójú mi, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Inú orin yẹn ló ti sin ín."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo yọ ọ́, Mà. Mo rò pé àbùkù ni."

"Ó dáa, bá mi dá a padà."

Kò sí ohun tó lè dá padà. Awọ àwo àtijọ́ ti ṣí tán, ohun tó yọ nínú tuntun kò sì sí níbì kankan mọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyá ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó gbé e lé itan.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó mọ́ tónítóní." Ó sì ní kí wọ́n bu omi fún un.

Ọkùnrin náà kò lè mu omi náà. Nígbà tó délé, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ kọ orin kan fún òun, èyí tó máa ń kọ nídìí ààrò. Obìnrin náà ronú títí, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àlùfáà wa, mi ò bú yín. Bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀yin ni Ọlọ́run fi ṣe olórí ìjọ yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ilé rẹ̀ dára. Ẹ rán mi sí Ìyá Fọlárìn. Ẹ ní nígbàkígbà tí ẹ bá ní kí ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí kálukú gbàdúrà lọ́kàn, òun nìkan ni ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tí ó ń kùn tí àwọn àlejò ń bojú wẹ̀yìn. Ẹ ní kí n sọ fún un kí ó máa jókòó sí gbàgede.

Òótọ́ ni, ó máa ń kùn. Mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mo kọ́kọ́ lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo fetí sílẹ̀. Orúkọ ló ń pè. Ó pe ọkọ rẹ̀ tó ti sùn. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, tí wọn kì í béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pe orúkọ ẹnìkan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ mú un, pé àjèjì ni nílùú yìí, kí aya rẹ̀ aboyún sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Orí orúkọ yìí ló pẹ́ sí jù. Mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Orúkọ yín ni, Àlùfáà.

Ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ. Ṣé kí n lọ sọ fún un kí ó dákẹ́?