Ìdérí Mẹ́sàn-án ní Ìdí Aró Àyọ̀ká

Ẹ gbé ọmọ yín lé ẹsẹ̀. Èyí tó bá ń sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Ìyá ni mo ń sọ ìtàn yìí fún.

Ojú-ò-gbọdọ̀-kúrò, awo inú ilé. Ọwọ́-ò-gbọdọ̀-jìnnà, awo ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀-ọmọdé-ò-mọ-kòtò, awo ìdí aró. Àwọn ni wọ́n dífá fún Àyọ̀ká, aláró Òkè Ẹlú, lọ́jọ́ tó ń fi omi ojú ṣe ìráhùn ọmọ, tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀kẹta náà yóò lọ.

Aró Àyọ̀ká kò lẹ́gbẹ́ nígbà náà. Bí ó bá rẹ aṣọ, òjò ọdún mẹ́ta kò lè ṣí i. Ìkòkò mẹ́sàn-án ló ní lẹ́yìnkùlé. Ó ri wọ́n mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu wọn nìkan ló yọ. Àwọn aláró ìlú náà kì í bo ìkòkò lójú ọ̀sán. Wọ́n ní aró tí kò bá rí oòrùn kò ní mú aṣọ.

Ọmọ méjì ló ti bí tó sì ti sin. Àbẹ̀gbé, àkọ́bí rẹ̀, mu omi eérú nínú igbá tó wà nílẹ̀. Omi eérú yìí ni àwọn aláró fi ń po ẹlú. Ó mọ́ lójú bí omi mímu, ṣùgbọ́n ó ń bó ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ náà kò lò tó ọjọ́ mẹ́ta. Èkejì, Ọlátẹ́jú, ré sínú ìkòkò aró nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ. Gbogbo agboolé mi orí. Wọ́n ní àbíkú ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pè é padà sọ́run. Àyọ̀ká gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní gbà?

Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Ó so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kí ìró rẹ̀ máa lé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run sá. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọkàn ìyá rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ló bá tọ àwọn awo lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ ọ̀run yóò gbà kí wọ́n tó fi ọmọ sílẹ̀ fún un.

Wọ́n ní kó rúbọ. Adìyẹ méjì, obì mẹ́rin, àti ìdérí mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó gbé igbá omi eérú kúrò nílẹ̀, síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ó bá ń rẹ aṣọ, kí àgbàlagbà kan jókòó ti ọmọ, kí onítọ̀hún má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Àyọ̀ká ń retí ìyókù. Ìyókù kò sí.

"Bàbá, ẹgbẹ́ ọ̀run ńkọ́? Kí ni ẹ ní kí n fún wọn?"

Ojú-ò-gbọdọ̀-kúrò, tó dàgbà jù nínú wọn, dá a lóhùn. "Àyọ̀ká ọmọ mi, Ifá kò dárúkọ wọn."

Ọ̀rọ̀ náà ti yé Àyọ̀ká. "Ẹ ń sọ pé èmi ni mo pa àwọn ọmọ mi, àbí?"

"Ifá kò bi ọ́ léèrè àwọn tó ti lọ. Nítorí èyí tó ṣẹ́kù ni Ifá ṣe ń bẹ̀ ọ́."

Ó dìde, kò dágbére. Ó pa adìyẹ, ó sì fi obì rúbọ. Ìdérí àti ìyókù ni kò ṣe. Ẹ má bú u. Bí ó bá bo ìkòkò wọ̀nyẹn, ohun tó ń sọ fún gbogbo agboolé ni pé ó yẹ kí òun ti bò wọ́n kí Ọlátẹ́jú tó kú. Àyà rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó sàn fún un kó jẹ́ pé ọ̀run ló jẹ̀bi. Ó tún ra ṣaworo sí i, ó fi kún ti ẹsẹ̀ ọmọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ti ń gbọ́ ọ, ọmọ òun wà láàyè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń rẹ aṣọ ìgbéyàwó kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ inú aró dé ìgúnpá. Ṣaworo ń dún lẹ́yìn rẹ̀, woro, woro. Ó ní ọmọ òun ń ṣeré. Ṣaworo túbọ̀ ń dún kíkankíkan, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ló ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ohùn ọmọ rárá, ṣaworo nìkan ni. Ó yíjú padà. Ẹsẹ̀ kékeré méjì ló rí lẹ́nu ìkòkò kẹrin, tí wọ́n ń jà lókè.

Kò mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀. Ó fà á yọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé aró inú ìkòkò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, orí ọmọ dé ẹnu nìkan ló rì. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn. Ọmọ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó húkọ́, aró tú jáde nímú, ó ké. N kò rò pé ìyá kan ti gbọ́ ohun tó dùn tó igbe yẹn rí. Ó ń bu omi mímọ́ sí i lójú títí ìkòkò omi fi gbẹ.

Àyọ̀ká já ṣaworo kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó pọ̀n ọ́n. Ó lọ gé ọparun, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó pọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde síta.

"Àyọ̀ká, kí lo ń ṣe yìí? Ta ló ń bo aró lọ́sàn-án gangan? Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́, Ìyá. Ohun tí mi ò ṣe fún Àbẹ̀gbé àti Ọlátẹ́jú ni mò ń ṣe. Wọn kì í ṣe àbíkú. Ọmọ ni wọ́n."

Ìyá àgbà náà sún mọ́ ọn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́. "Fún mi ní okùn."

Àwọn tí ẹbọ bá fín fún a máa jó, wọn a máa yọ̀. Àyọ̀ká kò jó. Ó sunkún lórí ìdérí kìíní títí dé ìkẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ló tó yin àwọn awo, àwọn awo sì yin Ifá. Ó gbé igbá omi eérú síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń jókòó ti ọmọ. Aró tí wọ́n bò kò bàjẹ́, ó mú aṣọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Dúrósinmí dàgbà, ó gbé ìyàwó, ó sì sin ìyá rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé.

Ẹni tó bá gbọ́ ẹbọ, kó rú u tán. Ààbọ̀ ẹbọ kò gba ọmọ là. Ifá ń gbà wá lọ́wọ́ ohun tí a kò rí, ṣùgbọ́n èyí tí ojú wa rí nílẹ̀, ọwọ́ wa ló fi í lé.

Ẹ má tíì kí mi kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ wá síbí, ta ló ń wò ó báyìí? Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.