Òkété àti Wúfà Erin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìjà, ó kó sínú ihò, ó bá Òkété nídìí àpótí aláriwo.

Ní ìgbà kan rí, Òkété gbẹ́ ilé sí abẹ́ gbòǹgbò igi ayùnrẹ́. Nínú yàrá ńlá ilé náà, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí ara ògiri, ó sì gbé wúfà kékeré kan sí igun. Ẹ mọ wúfà: àpótí tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, èyí tí àyà máa ń gbọ́ kí etí tó gbọ́. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí iná ti ń wá. Ẹni tó pa àlọ́ yìí fún mi kò sọ, èmi náà kò sì bi í.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹranko kéékèèké máa ń wá wo sinimá níbẹ̀. Asín á mú ẹyìn ọ̀pẹ wá san owó ìwòran, Ọ̀kẹ́rẹ́ á mú tirẹ̀ wá, Ehoro náà á mú tirẹ̀ wá. Ìgbín nìkan ni kì í mú nǹkan kan wá. Ẹnu ihò ẹ̀gbẹ́ ló máa ń dúró sí, níbi tí ohùn ti ń jáde.

"Ìgbín, kí lo ń ṣe níbẹ̀?" ni Òkété máa ń bi í.

"Mo kàn ń kọjá lọ ni."

"Láti àná?"

"Ìwọ náà ṣáà mọ bí mo ṣe ń rìn."

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Òkété. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni ohun tó rí nílé Erin. Wúfà Erin tóbi ju odó lọ. Bó bá ti dún, ewé á máa já bọ́ lórí igi. Òkété délé, kò lè jẹun.

"Àwẹ̀ró, wúfà wa ti kéré jù."

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ó ń fún àwọn ọmọ lọ́mú. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, bàálé mi? Lánàá tí wọ́n yìnbọn nínú sinimá, ṣebí inú ìkòkò ọbẹ̀ mi ni Asín fò sí. Kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe?"

"Bó bá tóbi sí i, ará ìgbẹ́ kejì á máa wá. Ẹyìn á kún àká wa."

"Pápá gbalasa ni Erin gbé tirẹ̀ sí. Inú ilẹ̀ làwa wà, erùpẹ̀ ló bò wá lórí. Ẹ kàn gbé kékeré yìí kúrò ní igun, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ á mọ́ sí i."

Òkété rẹ́rìn-ín. "O mọ ọmọ tọ́ o. O ò mọ wúfà."

Ó gba ilé Erin lọ.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ etí yín ló gbé mi wá."

"Kí ló ṣe etí mi?"

"Ẹ wo bó ṣe fẹ̀! Etí tó fẹ̀ tó báyìí, wúfà tó tóbi tó báyìí, ṣé ẹ fẹ́ kó ya ni? Àbí ẹ ò rí i pé ó ń jù fẹ̀fẹ̀?"

Erin fọwọ́jà kan etí rẹ̀. Lóòótọ́ ni, ó ń jù fẹ̀fẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń jù fẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rí.

"Kí la ti wá fẹ́ ṣe é?"

"Ẹlẹ́tí ńlá, wúfà kékeré ló bá a mu. Ẹlẹ́tí kékeré bíi tèmi ló lè fara da ńlá. Nítorí ìfẹ́ tí mo ní sí yín, mo gbà ká ṣe pààrọ̀."

Erin dúpẹ́ títí. Òun fúnra rẹ̀ ló tún gbé wúfà náà dé ẹnu ihò Òkété, ó sì gbé kékeré lọ. Òkété ní láti gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ kó tó lè yí i wọlé.

Kò tán síbẹ̀. Ó po amọ̀, ó fi dí ihò ẹ̀gbẹ́, kí Ìgbín lọ máa kọjá níbòmíràn. Ó tún kọrí sí ihò ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ, òkété kì í gbẹ́ ilé kó má gbẹ́ ihò àsálà sẹ́yìn rẹ̀. Ewé ni wọ́n fi ń bò ó, kì í ṣe amọ̀.

Àwẹ̀ró figbe ta. "Ihò àsálà kọ́, bàálé mi! Ewé ni bàbá yín fi bò ó. Ewé ni bàbá tó bí wọn fi bò ó."

"Ohùn tí mo fi ọgbọ́n orí gbà, kí n jẹ́ kó gba ojú ewé jáde lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó dí i, ó sì fẹsẹ̀ kì í.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ilé kún. Wúfà dún: dùù! Eruku bọ́ sí Ehoro lójú.

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dùn!" ni Òkété wí. Ó fi kún un.

Dùù! Òkìtì erùpẹ̀ kan já lu Asín lórí.

"Òkété, kí nìyẹn?"

"Ó wà lára sinimá."

Ó tún fi kún un. Ẹnu ọ̀nà tó gbẹ́ fẹ̀ wó lulẹ̀ gbìì. Òkùnkùn ṣú. Òkété kò tilẹ̀ rántí aya, kò rántí ọmọ. Ihò àsálà ló sá lọ. Orí rẹ̀ lu amọ̀: kò! Àwẹ̀ró gbá àwọn ọmọ mọ́ àyà, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ihò àsálà dà, ọkọ mi?
*Ilẹ̀ ń mì!*
Amọ̀ ló dí i, amọ̀ ló gan.
*Ilẹ̀ ń mì!*
Ọmọ mi kò tíì lajú o.
*Ilẹ̀ ń mì!*
Ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, wá gbà wá o.
*Ilẹ̀ ń mì!*

Wúfà náà kò dákẹ́ nínú erùpẹ̀. Dùù, dùù. Etí nìkan kọ́ ni Erin fi ń gbọ́ràn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń gbọ́ ohun tó bá ń dún nínú ilẹ̀. Ó wà nílé, ó gbọ́ wúfà rẹ̀. Ó tún gbọ́ ẹkún lábẹ́ ohùn wúfà náà. Ó sáré dé ìdí ayùnrẹ́, ó bá Ìgbín níbẹ̀.

"Ìgbín, ibo ni wọ́n wà?"

"Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Àmọ́ ibi tí mo dúró sí yìí ni ihò àsálà wọn."

Erin fi eyín wa amọ̀ náà. Ó na ọwọ́jà sínú ihò, ó fa Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ jáde láàyè. Ó fa àwọn àlejò jáde. Òkété ló fà kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kún fún amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò. Lẹ́yìn náà ló hú wúfà rẹ̀, ó gbé e kọ́ eyín.

"Bàbá, etí yín ńkọ́?"

"Etí mi ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára ni. Mo ti béèrè."

"Ẹ dákun, ẹ dá kékeré mi padà."

"Kékeré? Ṣebí ìwọ lo ní òun ló bá mi mu. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́."

Gbogbo ẹranko kó ẹyìn wọn, wọ́n lọ. Àwẹ̀ró gbẹ́ ilé mìíràn. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ewé bo ihò àsálà. Títí dòní, bí ẹ bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí ihò òkété, ihò ẹ̀yìn ni yóò gbà sá jáde. Ó rò pé wúfà ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kí á tó fi kún ohun tó ń dùn, ká kọ́kọ́ wo òrùlé tó bò wá. Ẹni tó dí ọ̀nà àsálà nítorí kí aládùúgbò má baà gbádùn, ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ló tì mọ́lé.

Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ lọ bi Ìgbín. Ó ṣì ń kọjá lọ.