Igbá Tí Ó Gbé Àṣàbí La Odò Agbénimì Kọjá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí etí yín ń yán hànhàn fún ohun ìyanu! Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ fún yín nípa obìnrin tí kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí ó sì la odò àwọn iwin kọjá.

Opó ni Àṣàbí ní ìlú Òkèèrù, Dàpọ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó kù ú kù. Nígbà tí ibà mú ọmọ yìí títí tí kò fi mọ ìyá rẹ̀ mọ́, àwọn àgbà ní omi ìsun Òkè Ìyè nìkan ni ó lè wò ó sàn, bẹ́ẹ̀ Odò Agbénimì, ilé àwọn iwin, ni ó dí ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: Àṣàbí gbàdúrà sí Ọlọ́run, ó gbé kèrègbè kọ́ ọrùn, ó sì fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ìró. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣe àmín tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọ̀bẹ.

Ní etí odò ni ó bá Láwoyin, àgbà tí ń fi igbá ńlá gbé èrò kọjá, tí òun fúnra rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ ti igbá náà.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé mi dé òdìkejì."

"Ọmọ mi, gbé àyà lé igbá, kí o di apá mi mú. Ojú mi ni kí o máa wò. Ohun yòówù kí o gbọ́, má tú ọwọ́."

Ní àárín odò, àwọn iwin yọ orí, àwọn olójú iná, àwọn onírun ejò, ẹnu wọn là gbàràgàdà bí ẹnu ààrò. Àṣàbí kò wò wọ́n. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn fi ohùn Dàpọ̀ ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyá mi, ẹ gbà mí!" Abiyamọ kò lè mú un mọ́ra: ó tú ọwọ́, ó fa ọ̀bẹ yọ, igbá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀bẹ bọ́ sínú ibú, omi sì bo obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rò pé òun ti pa ọmọ òun. Ṣùgbọ́n kò rì.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó wólẹ̀, ó ń sunkún. "Baba, ẹ dárí jì mí. Mo tú ọwọ́."

"Mo mọ̀," ni Láwoyin wí. "Kò sí èrò tí kì í tú ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń di tiwọn mú kí a tó wọ omi."

Àṣàbí pọn omi ìsun Òkè Ìyè sínú kèrègbè, ó sì gba orí igbá náà padà láìsí ọ̀bẹ. Dàpọ̀ mu ún, ó lajú, ó sì pè é ní ìyá.

Ẹ̀yin ará, màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ẹ di Ọlọ́run mú ní ọjọ́ ewu. Bí ọwọ́ yín bá sì yọ̀, ẹ má sọ pé ó parí, nítorí Òun ni ó kọ́kọ́ di yín mú.