Àtẹ́lẹwọ́ Fadérera Lójú Pátákó
Bí Tíṣà Ògúnṣakin bá ti ń kọ́ni ní ìṣirò, ikọ́ gan-an ń gbàṣẹ kó tó jáde. Lọ́jọ́ kan, ó kọ 3x + 4y = 12 sójú pátákó, ó ní kí Fadérera sọ ibi tí ìlà ìṣirò yìí ti gé ìlà x tó dùbúlẹ̀ àti ìlà y tó dúró; kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì tàbí rúlà, bó bá sì kùnà, ó kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Fadérera wo pátákó títí, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú. Ló bá dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo 3x, ó wá ku 4y = 12. Ó ní, "Mẹ́ta ni y, sà. Ibẹ̀ ló ti gé ìlà tó dúró, torí òdo ni x níbẹ̀." Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó bo 4y. "Mẹ́rin ni x, sà. Ibẹ̀ ló ti gé èyí tó dùbúlẹ̀." Tíṣà ya ìlà náà fúnra rẹ̀, ìlà ọ̀hún sì gba ibi méjèèjì kọjá. Ọ̀rọ̀ wá rú òun náà lójú. "Ṣebí ojoojúmọ́ lò ń sọ pé kò yé ọ?" Fadérera ní, "Kò yé mi lóòótọ́, sà. Táwọn méjèèjì bá jọ ń wò mí, orí mi máa ń dàrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọ̀kan kọ́kọ́ fara pamọ́ ná."