Oyin Tí Ìjàpá Fi Ẹnu Ròyìn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó yí bá Ehoro, ìyá ìkókó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ahọ́n lá ètè yín. Ibẹ̀ ni ìdáhùn àlọ́ yìí wà.

Ọdún méje ni Ehoro fi ń wojú Ọlọ́run kó tó bímọ. Ó ti pinnu pé nǹkan kan kò ní í dín nínú ìsọmọlórúkọ ọmọ òun. Obì wà, iyọ̀ wà, omi wà. Oyin ló kù. Ìjàpá ní òun mọ igi tí oyin wà, ni Ehoro bá gbé igbá fún un.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, àwọn ẹranko pé. Ìjàpá gbé igbá òfìfo dé. Ọ̀kánjúà ti lá oyin tán lọ́nà!

"Oyin dà?" Ehoro béèrè.

"Ìyá ìkókó, má mikàn. Ṣebí ọ̀rọ̀ náà ni àdúrà? Màá ròyìn adùn rẹ̀ fún ọmọ."

Ó ní oyin ń fà, ó ń yọ̀ lọ́fun, ó dùn ju ìrèké lọ. Ó ròyìn títí itọ́ fi kún ẹnu àwọn àgbà. Ọmọ kò tilẹ̀ dákẹ́ ẹkún.

Àjànàkú, tí yóò sọ ọmọ lórúkọ, ní, "Ìyá ìkókó, ṣé ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?"

Inú bí Ehoro gidigidi, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Rárá, Bàbá. Bí oyin kò bá kan ọmọ mi lẹ́nu, kò tíì jẹ́ orúkọ."

Kí ebi má baà pa àlejò, ó gbé iyán síwájú wọn. Nígbà tó kan Ìjàpá, igbá òfìfo yẹn ló gbé fún un.

"Ìjàpá, iyán mi funfun, kò ní kókó. Ẹ̀gúsí rẹ̀ dì, olú kún inú rẹ̀. Ṣé o ti yó?"

"Háà! Ehoro, ta ni ọ̀rọ̀ ń yó?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́," ni Ehoro wí. "Gbé igbá, kó o máa lọ."

Ebi ń pa Ìjàpá, ojú ń tì í. Ó padà sídìí igi. Àwọn oyin tó ti jà lólè ti ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ta á létè, wọ́n ta á láhọ́n, ṣùgbọ́n ó bu oyin wá sílé Ehoro.

"Báwo ló ṣe dùn ọ́ tó?" Àjànàkú béèrè.

Ìjàpá la ẹnu tó ti wú. "Fùùù" nìkan ló jáde.

Ehoro ti ìka bọ oyin, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ dákẹ́. Ó lá ètè. Wọ́n sọ ọ́ ní Oyindé, ìyá rẹ̀ sì sunkún ayọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi oyin kan ọmọ tuntun lẹ́nu, tí a kì í ròyìn rẹ̀ fún un lásán. Ìdí náà nìyí tí Ìjàpá kò fi ní ohùn mọ́, àfi fùùù. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí ahọ́n tọ́ wò, ẹnu kò lè sọ ọ́ tán.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá purọ́, kí oyin ta mí bíi ti Ìjàpá. Ẹ wò mí dáadáa: ètè mi kò wú.